Kí Orúkọ Ọmọ Tó Pòórá Nínú Rẹ́jísítà

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè fi àkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣètò ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ tó ti ń bàlágà, àwọn tó wà ní SS1 títí dé SS3 àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ohun tí mo gbé wá kò pọ̀. Àkọsílẹ̀ tó bá máa ṣe ọmọ láǹfààní gbọ́dọ̀ tètè dé ọwọ́ ẹni tó mọ ọmọ náà lójú, nígbà tí ọmọ náà ṣì wà ní kíláàsì. Gbogbo ohun tí mo bá sọ láti ìsinsìnyí lọ, orí rẹ̀ ló dá lé.

Kíka ọmọ láti fi ṣètò kì í ṣe ohun àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Ní oṣù Keje ọdún 1952, S. O. Awokoya, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ fún Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ ní Ìbàdàn. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ọmọ 811,432 ló wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún tó ṣáájú, 456,600 ni gbogbo wọn. Èrò tó ya dé ju èyí tí ìjọba retí lọ, wọ́n sì wá olùkọ́ títí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí a kì í sábà mẹ́nu bà nínú ìtàn yìí. Àwọn àgbà wọ̀nyẹn ti ro ti ọmọ tó máa jáde pírámárì tí kò ní rí àyè ní gírámà. Ọdún 1955 náà ni ilé-ìwé Mọ́dà bẹ̀rẹ̀, ọlọ́dún mẹ́ta, fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin bàbá àti ìyá tó wà níbí gba ibẹ̀ kọjá. A lè wí tiwa lórí ohun tí wọ́n kọ́ yín níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan jókòó, ó ka iye ọmọ tó ń bọ̀, ó sì wá àyè sílẹ̀ dè wọ́n.

Lónìí ńkọ́, kí la fi ń ṣètò? Oṣù Kẹjọ ni gbogbo wa ń dúró dè. Bí èsì WAEC bá ti jáde, ìwé ìròyìn á gbé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún sí ojú ewé àkọ́kọ́, kọmíṣánnà á bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀, ìpínlẹ̀ tó ṣe dáadáa á máa yangàn, èyí tí kò ṣe dáadáa á dákẹ́. Àwọn ọmọ tí a ń tìtorí wọn pariwo ti kó ìwé wọn relé. Ètò yòówù tí a bá fi èsì wọn ṣe, kò kàn wọ́n mọ́. Àwọn àbúrò wọn ló kàn, bí a bá tilẹ̀ ṣe é.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2025 sì yẹ kó ti là wá lójú sí bí a ṣe ń yára gba nọ́ńbà gbọ́. Ní oṣù Karùn-ún, JAMB kéde pé nínú ọmọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì tó ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, ó lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ tí kò gba 200. Kíá, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ ní ọ̀lẹ, a ní fóònù ló bà wọ́n jẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé tó jẹ́ ọ̀gá àgbà JAMB nígbà náà dúró níwájú àwọn oníròyìn, ó sì sunkún. Wọn kò fi àtúnṣe tó yẹ sórí àwọn kọ̀ǹpútà àgbà tó ń bá àwọn ibùdó kan ṣiṣẹ́. Ibùdó 157 ni ọ̀rọ̀ náà kàn, ọmọ 379,997: 206,610 ní Èkó, 173,387 ní ìpínlẹ̀ márààrún ilẹ̀ Ìgbò. JAMB ní kí àwọn ọmọ náà wá tún ìdánwò ṣe.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, WAEC ní ọmọ 754,545 péré nínú 1,969,313 ló gba kírẹ́díìtì márùn-ún tí èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà níbẹ̀. Ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìdá 72.12 ni ti ọdún 2024. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi padà wá sọ pé àṣìṣe wọ inú bí wọ́n ṣe máàkì àwọn iṣẹ́ kan tí wọ́n to ìbéèrè wọn lónírúurú nítorí àwọn tó ń jí ìwé wò. Ìdáhùn tí wọ́n fi máàkì kò bá ìbéèrè tó wà níwájú ọmọ mu. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, 1,239,884 ló yege, ìdá 62.96. Ọmọ tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún mẹ́rin àti ọgọ́rin ló sùn pẹ̀lú orúkọ ẹni tó fìdí rẹmi, tí kò sì fìdí rẹmi.

N kò sọ èyí láti bú àjọ méjèèjì. Wọ́n jẹ́wọ́, wọ́n sì tún un ṣe, ohun tó ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ wa ni. Ìbéèrè mi ni pé, nígbà tí nọ́ńbà burúkú yẹn jáde, ta ló ní ohun lọ́wọ́ tó lè fi bá a jiyàn? Ilé-ìwé tó ní máàkì ọmọ kan láti SS1, sáà lẹ́yìn sáà, tó mọ̀ pé ọmọ yìí kò gba ohun tó kéré sí 65 nínú Ìṣirò rí, ló lè dìde kó ní, "Rárá o, ẹ lọ tún èyí wò." Ilé-ìwé tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́, ohun tí wọ́n bá ti fún un ló máa gbà.

Àní nígbà tí nọ́ńbà bá tọ̀nà pàápàá, ẹ máa bi í pé: ìdá nínú kí ni? Ìdá 62.96 yẹn, nínú àwọn tó jókòó ṣe ìdánwò ni. Ọmọkùnrin tó kúrò ní SS1 lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò sí nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin tó lóyún ní SS2 tí ẹnikẹ́ni kò wá a délé kò sí nínú rẹ̀. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò rí owó WAEC san kò sí nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ilé-ìwé kan gba ọmọ 80 sí SS1. Nígbà tó fi máa di SS3, 35 péré ló forúkọ sílẹ̀ fún WAEC, 30 sì yege. Wọ́n á ya bánà ńlá sójú géètì pé ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ àwọn yege. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n nínú 80 tí wọ́n gbà, ìdá wọn kò tó 38. Àwọn 45 yòókù kò sí lórí bánà, wọn kò sí nínú ìròyìn kọmíṣánnà, kò sì sí ètò kankan tó ń retí wọn níbikíbi.

Ìlú kan wà tó ti gbìyànjú láti yí ọ̀rọ̀ yìí padà, mo sì fẹ́ kí a dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Chicago ni, ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2005, àwọn olùwádìí méjì ní Yunifásítì Chicago, Elaine Allensworth àti John Easton, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí a lè rí lára ọmọ ní ìparí ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ilé-ìwé gírámà, nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó máa sọ bóyá yóò parí. Ohun tí wọ́n wò kò le rárá: ṣé ọmọ náà yege nínú iṣẹ́ tó pọ̀ tó láti bọ́ sí kíláàsì kejì, ṣé kò sì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tó fìdí rẹmi ní sáà kan nínú àwọn iṣẹ́ pàtàkì? Nínú àwọn tó kúnjú òṣùwọ̀n yìí, ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún ló parí láàrin ọdún mẹ́rin. Nínú àwọn tí kò kúnjú rẹ̀, ìdá 22. Máàkì tí ọmọ gbà wọlé kò sọ ọ̀rọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tí máàkì ìwọlé wọn kéré tí ọdún àkọ́kọ́ wọn sì dúró dáadáa, wọ́n parí ju àwọn ọmọ olóye tí ọdún àkọ́kọ́ wọn dàrú lọ.

Nígbà tí wọ́n tún wá ìdí tí ọmọ fi ń fìdí rẹmi ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n rí i pé bí ọmọ ṣe ń wá sí kíláàsì ló sọ ọ́ ju ohun mìíràn lọ. Ó sọ ọ́ ju èsì ìdánwò tó ṣe kó tó wọlé lọ fíìfíì. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé èyí relé.

Láti ọdún 2008, àwọn aláṣẹ ilé-ìwé Chicago bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé, ìwé tí orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan máa ń dé kí ilé-ìwé tó wọlé, ó ń sọ àwọn ọmọ tuntun tó ti ń pa ilé-ìwé jẹ láti ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Òmíràn ń dé láàrin sáà, ó ń sọ ẹni tó ń ṣubú lọ́wọ́lọ́wọ́ àti iṣẹ́ tó ti ń ṣubú. Òmíràn ń dé lẹ́yìn sáà, ó ń sọ ẹni tó ní láti tún nǹkan ṣe. Àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ kíláàsì àkọ́kọ́ jókòó yí ìwé náà ká, wọ́n pín orúkọ láàrin ara wọn. Ní ọdún 2007, ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ ló wà lójú ọ̀nà àtiparí. Nígbà tó di 2013, wọ́n ti di ìdá 82. Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò: ṣé àwọn olùkọ́ kò kàn máa bu máàkì fún ọmọ ni? Bó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ọmọ náà ìbá ti ya lulẹ̀ ní kíláàsì kejì àti ìkẹta. Àwọn olùwádìí tẹ̀ lé wọn títí dé òpin, èrè náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú un wá sílé. Owó Chicago kọ́ ló yẹ kó jọ wá lójú níbẹ̀. Kò sí ilé-ìwé wa tí kò ní rẹ́jísítà. Ìwé fífẹ̀ yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n: olùkọ́ kíláàsì á fi bíírò búlúù fa ìlà fún ọmọ tó wá, á fi pupa yí òdo fún ẹni tí kò wá. Ní ọjọ́ Ẹtì á rò ó pọ̀, á fọwọ́ sí i, á tì í sínú dúrọ́ọ̀. Ó di ìgbà tí inspẹ́kítọ̀ bá ń bọ̀ kí wọ́n tó tún sáré gbé e jáde. A ń kọ ọ́ lójoojúmọ́, a kì í kà á.

Ẹ jẹ́ ká wo ojú ewé kan nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà ní SS2, ní ìlú tó ń ná ọjà ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún bí àṣà wa. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, òdo pupa bọ́ sí ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ẹtì. Lọ́sẹ̀ kejì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́sẹ̀ kẹta, Ọjọ́rú. Lọ́sẹ̀ kẹrin, Ọjọ́bọ̀. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, Ajé àti Ẹtì tún padà. Ẹni tó bá wò ó gààràgà á ní ọmọ yìí kàn ń sá nílé-ìwé ni, ó ń wá nígbà tó bá wù ú. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó bá to ìsansá rẹ̀ ní Ajé dé Ẹtì kò ní rí nǹkan kan dì mú. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó bá mọ ọjọ́ ọjà ìlú náà, bó bá ti gbé kàlẹ́ńdà ọjà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ náà ń bá ìyá rẹ̀ ru ẹrù lọ sọ́jà ni. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó pa ọjọ́ márùn-ún jẹ nínú ogún. Ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti lọ, ìyẹn ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú sáà ọlọ́sẹ̀ méjìlá. Bó bá wá gba F9 nínú Ìṣirò ní SS3, a ó ní kò ní ọpọlọ Ìṣirò.

Kí la fẹ́ fi òye yìí ṣe? Ẹgba kọ́. Ẹnì kan yóò lọ bá ìyá náà sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí ebi kì í ṣe ọ̀rọ̀ à ń báni jà. Bóyá ẹni tó lè bá a ru ẹrù wà nílé. Bóyá ọmọ náà lè dé ilé-ìwé ní aago mẹ́wàá dípò kó pa odindi ọjọ́ jẹ. Bí ọmọ méjìlá bá wà nínú kíláàsì tí òdo pupa wọn bá ọjọ́ ọjà lọ, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ìyá kan ṣoṣo. Ọ̀gá ilé-ìwé yóò wá Ìyálọ́jà lọ, yóò sọ iye wọn fún un láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, kí ẹgbẹ́ ọjà fúnra wọn wá nǹkan sọ. Ètò ẹ̀kọ́ gidi nìyẹn, kò sì ná ìjọba ní kọ́bọ̀.

Ìwé míì tún wà tí a kì í kà. WAEC máa ń gbé ìròyìn àwọn ọ̀gá olùmáàkì jáde lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú Ìṣirò, wọ́n ń tún ohun kan náà sọ lọ́dọọdún: àwọn ọmọ kì í mọ òfin tó dá lórí òbìrìkítí, bearing ń dà wọ́n láàmú, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í lè sọ ìbéèrè tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ gbé kalẹ̀ di ìṣirò. Kí olùkọ́ gbé ìròyìn yẹn sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ìdánwò àṣewò ti SS2 tirẹ̀, yóò mọ ibi tó yẹ kó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ibi tí ọjọ́ méjì tó.

Mo fẹ́ kan iṣẹ́ ọwọ́ náà. Nígbà tí ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun fún àwọn SS bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2011, ìjọba to iṣẹ́ ọwọ́ 34 sílẹ̀ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ó kéré tán ọ̀kan: oúnjẹ sísè, fọ́tò yíyà, iṣẹ́ páìpù omi, títún fóònù ṣe, aṣọ rírẹ. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n kí ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wò kí wọ́n tó mú tiwọn? Wọ́n wo èyí tí kò ní ná wọn lówó irinṣẹ́, tí olùkọ́ lè fi ṣọ́ọ̀kì nìkan kọ́. Ilé-ìwé tó wà ní Abẹ́òkúta, tí kò jìnnà sí Ìtòkú níbi tí wọ́n ti ń rẹ àdìrẹ, kò yẹ kó máa wá iṣẹ́ kiri. Bí a bá ní àkọsílẹ̀ ibi tí àwọn ọmọ tó jáde lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ń ṣiṣẹ́, a ó mọ iṣẹ́ tó yẹ ká kọ́ àwọn àbúrò wọn, a ó sì mọ ọ̀gá oníṣẹ́ tí a lè bẹ̀ kó wá kọ́ wọn. Láti ọdún 1992 ni NABTEB ti wà fún ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ ká yé fojú kéré ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Ẹni tó bá kúrò ńkọ́? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 2008 ní kí ọmọ wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ tàbí ìkọ́ṣẹ́ títí di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún láti 2013, àti títí di ọmọ ọdún méjìdínlógún láti 2015. Iṣẹ́ kánsù ni láti mọ ibi tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún àti mẹ́tàdínlógún kọ̀ọ̀kan wà. Bí ọmọ òbí Yorùbá kan ní Peckham bá fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀, ó yẹ kí kánsù wá a kàn. Ohun tó wú mi jù níbẹ̀ ni pé wọ́n ń ka àwọn tí wọn kò mọ ibi tí wọ́n wà, wọ́n sì ń tẹ iye wọn jáde. Kò sí ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá tí mo tíì gbọ́ pé kọmíṣánnà rẹ̀ dìde kó ní, "Ẹ wo iye ọmọ wa tí a kò mọ ibi tí wọ́n wà."

Ohun kan ń bà mí lẹ́rù nínú gbogbo èyí, n kò sì ní fi pamọ́. Orúkọ tí a kọ sílẹ̀ láti fi ran ọmọ lọ́wọ́, a lè fi lé e jáde. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fa àwọn tí kò ṣe dáadáa yọ lẹ́yìn ìdánwò àṣewò, tí wọ́n ní kí wọ́n lọ wá ilé-ìwé míì, kí ìdá ilé-ìwé má bàa bàjẹ́. Ìkà ni. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti lẹ èsì mọ́ ara ògiri, orúkọ àti ipò, láti ẹni kìíní dé ẹni ìkẹtàlélọ́gọ́ta. Àwọn kan ń gbé e sórí WhatsApp àwọn òbí. Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ẹni láti ọdún 2023, ọmọ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Èsì ọmọ kò kan ẹnikẹ́ni ju ọmọ náà, òbí rẹ̀ àti àwọn tó ń kọ́ ọ lọ.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, ẹ bá mi béèrè nọ́ńbà méjì lọ́wọ́ ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan: iye ọmọ tó wọ SS1, àti iye àwọn ọmọ kan náà tó jókòó ṣe WAEC lọ́dún kẹta. Ẹ tẹ méjèèjì jáde sí ẹ̀gbẹ́ ìdá tí ẹ máa ń kéde. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá lọ sí ìpàdé PTA, ẹ má béèrè ipò nìkan, ẹ béèrè iye ọjọ́ tí ọmọ yín kò wá. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, oṣù Kẹsàn-án ni sáà kìíní ń wọlé. Kí oṣù Kẹwàá tó parí, ẹ mú rẹ́jísítà SS1 jáde nínú dúrọ́ọ̀, ẹ pe àwọn olùkọ́ jókòó, ẹ kọ orúkọ àwọn tí òdo pupa wọn ti ń pọ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fi orúkọ olùkọ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan.